Ẹ Gbé Fúlù Ọ́pṣọ̀n Yín Kúrò Níbẹ̀

Bí àwọn ọlọ́kọ̀ bá pàdé níwájú báǹkì ní Òkè-Ìlewó, l'Abẹ́òkúta, tí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sì délẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń jáde: "Ṣé fúlù ọ́pṣọ̀n ni?" Bó bá jẹ́ òun ni, ọkọ̀ ọba nìyẹn. Bí kò bá jẹ́ òun, wọ́n á ní owó ló wọ́n ẹni tó rà á. Irọ́ gbáà ni. Bí wọ́n bá ṣe ọkọ̀ kan ní oríṣi mẹ́ta mẹ́rin, èyí tó ti jìyà lójú títì ni ọ̀gá, kì í ṣe èyí tí wọ́n kó ọ̀ṣọ́ sí lára gbẹ̀yìn.

Ẹlẹ́rìí mi àkọ́kọ́ ni Lancia Delta, ọkọ̀ kékeré ará Ítálì, irú èyí tó ní tọ́bò, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn tí Henri Toivonen kú sínú Delta S4 níbi ìdíje Corsica ní 1986, àwọn aláṣẹ fòfin de irú àwọn ọkọ̀ burúkú bẹ́ẹ̀. Láti 1987, irú ọkọ̀ tí iléeṣẹ́ bá ti ṣe 5,000 rẹ̀ ni wọ́n lè fi du ife-ẹ̀yẹ àgbáyé nígbà náà. Báyìí ni èyí tí wọ́n ń tà fáráyé àti èyí tí wọ́n fi ń díje ṣe di ọmọ ìyá. HF 4WD ló ṣíwájú pẹ̀lú họ́ọ̀sìpáwà 165. Integrale onífáàfù mẹ́jọ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 185. Onífáàfù 16 dé ní 1989 pẹ̀lú 200, Evoluzione dé ní 1991 pẹ̀lú 210, Evoluzione kejì sì dé ní 1993 pẹ̀lú 215. Lancia gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti àwọn iléeṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, láti 1987 dé 1992.

Ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Evoluzione kejì tí àwọn olówó ń lé kiri lónìí, ìgbà tí ogun ti parí ló dé. Ó rẹwà, n kò jiyàn. Ó sì mọ kọ́nà gé ju àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Àmọ́ kò gba ìdíje àgbáyé kankan, wọn ò tiẹ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Onífáàfù mẹ́jọ tí wọ́n ń fojú di ńkọ́? Òun ni Miki Biasion fi gba Safari Rally ní Kẹ́ńyà ní 1988, òun náà ló sì tún fi gbà á ní 1989. Títí di ìgbà náà, Lancia ò gba Safari rí. Stratos, ọkọ̀ Lancia mìíràn tó ń dẹ́rù ba gbogbo ayé, lọ síbẹ̀, kò gbà á. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Píjò 504 ní Kàdúná. Nígbà tí Ọbásanjọ́ tiwa ń ṣèjọba ológun, òun ni ọkọ̀ àwọn lọ́gàálọ́gàá ìjọba. Èyí tó dùn jókòó nínú rẹ̀, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ló ń dá gbé ara rẹ̀ sókè sódò, kí ìdí ọ̀gá má baà ro ó. Wágìnnì, 504 onílà àga mẹ́ta, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá irin gbọọrọ kan ló so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì méjì méjì ló sì gbé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ di èrò sí ìlà àga mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ kó àpò gàrí lé e lórí, ìdí rẹ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, á sì máa bá ọ̀nà Ìfọ̀ lọ nínú kòtò àti gegele. Òun ló kó àwọn ìyá wa lọ sọ́jà, òun ló kó wa lọ síléèwé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní Jean-Pierre Nicolas fi 504 onílẹ̀kùn méjì, oní-V6, gba Safari ní 1978. Òótọ́ ni, mo sì kí i. Ṣùgbọ́n 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin tí Ove Andersson wà ti gba Safari kan náà ní 1975, kí V6 tó débẹ̀ rárá. Yàtọ̀ síyẹn, iléeṣẹ́ Píjò fúnra rẹ̀ ló wà lẹ́yìn Nicolas, pẹ̀lú mẹkáníìkì àti páàtì lójú ọ̀nà. Ta ló wà lẹ́yìn dírẹ́bà wágìnnì tí ọkọ̀ kọṣẹ́ fún nínú òkùnkùn?

Bí ẹnì kan bá gbé Evoluzione kejì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí, màá dúpẹ́, màá tà á, màá fowó rẹ̀ ra onífáàfù mẹ́jọ, màá sì fi ṣẹ́ńjì ra wágìnnì.