Ọ̀RỌ̀ ÌLERA: Ẹ Má Ṣe Fi Lẹ́tà Ọsibítù Pamọ́

 

Nígbà tí ìpàdé kan parí láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa pè wá sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì yọ lẹ́tà kan jáde nínú àpò ìwé rẹ̀. Lẹ́tà náà ti wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọsibítù ni ó kọ ọ́: wọ́n ní kí ó wá sí ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Nuclear Medicine. Bí ó ti rí ọ̀rọ̀ náà, bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí Hiroshima ní 1945 ni ó wá sí i lọ́kàn. Ó bi wá pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá gba abẹ́rẹ́ yìí, ṣé mo ṣì lè bímọ?"

A kì í tú àṣírí ẹnikẹ́ni lójú ìwé yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a kọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ òun.

Ọrùn rẹ̀ ti ń wú láti bí oṣù mẹ́rin. Àyà rẹ̀ ń lù kìkì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè mú kálámù dáadáa mọ́. Ó ń jẹun bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbààwẹ̀ tán, síbẹ̀ ó ń rù, òógùn sì ń bò ó nínú otútù. Àwa tí a wà níhìn-ín ní ìwé ni ó ń kà jù. Àwọn ará ilé ní ọwọ́ ayé ni.

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Níwájú ọ̀fun ni ẹ̀yà ara kékeré kan wà tí ó rí bí labalábá. Àwọn dókítà ń pè é ní thyroid. Ó ń fi iodine inú oúnjẹ ṣe èròjà tí ń darí bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ara ṣe ń lo oúnjẹ. Bí iodine bá wọ́n nínú oúnjẹ, ó lè wú. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù, irú àmì tí a kà sílẹ̀ yìí ni a ó rí. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, a ó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀jẹ̀ ń sọ ohun tí ó fà á. Ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí scintigraphy fi wà. Ẹ jẹ́ kí a fi wé nǹkan tí a mọ̀. Bí ẹ bá dúró lórí òkè lóru, tí ẹ rán àwọn ọmọ wọ inú abúlé, tí olúkúlùkù wọn gbé fìtílà lọ́wọ́, ẹ kò ní rí ojú wọn, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ilé tí wọ́n pọ̀ sí àti ilé tí ẹnikẹ́ni kò yà sí. Oògùn tí wọ́n ń gún sí ara ni ọmọ tí a rán. Ìtànṣán gamma ni fìtílà rẹ̀. Kámẹ́rà ni ẹni tí ó dúró lórí òkè. X-ray ń fi bí nǹkan ṣe rí hàn wá; èyí ń fi iṣẹ́ tí ó ń ṣe hàn.

George de Hevesy, ọmọ ilẹ̀ Hungary, gba ẹ̀bùn Nobel ti 1943 nítorí irú ìtọpasẹ̀ yìí. Hal Anger sì ṣe kámẹ́rà náà ní Berkeley ní Amẹ́ríkà ní 1957. Technetium-99m ni wọ́n ń lò jù lọ. Láàárín wákàtí 6, agbára rẹ̀ á dín sí ìdajì. Bí wákàtí 24 bá pé, ìdá kan péré nínú 16 ni ó kù. Ìtànṣán tí ènìyàn ń gbà nínú síkáànù thyroid kò ju èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún olùgbé Britain láàárín oṣù díẹ̀ lọ. Kò dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lóyún, tàbí tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́.

A bá a lọ. Abẹ́rẹ́ kan ní apá, ìdúró bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀, kámẹ́rà sì sún mọ́ ọrùn rẹ̀. Ó ní ohun tí ó le jù níbẹ̀ ni pé wọ́n ní kí òun má mira.

Bí gbogbo labalábá náà bá tàn yòò, àrùn Graves ni wọ́n máa ń fura sí. Bí ibì kan ṣoṣo bá tàn, tí ìyókù ṣókùnkùn, kókó kan ni ó ń dá ṣe àṣejù. Irú èyí kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí kókó kan kò bá tàn rárá, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe jẹjẹrẹ náà, ṣùgbọ́n wọn lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti arábìnrin wa, gbogbo rẹ̀ ni ó tàn. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń dúró. Dókítà sọ fún un pé bí ó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ ni ìbá jìyà rẹ̀.

Kì í ṣe ọrùn nìkan. Wọ́n ń fi ọ̀nà yìí wá ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó gun inú ẹ̀dọ̀fóró, èyí tí ó lè dé bá ẹni tí ó jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n ń fi wá egungun tí ó sán tí X-ray kò rí, àti jẹjẹrẹ tí ó ti ràn dé egungun. Wọ́n ń fi mọ ìwọ̀n iṣẹ́ tí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ọsibítù UCH ní Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka yìí, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ti òyìnbó nìkan.

Ẹ fi èyí sọ́kàn pẹ̀lú: ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe síkáànù, tí ó sì fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ sílé, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ ọsibítù, nítorí ẹ̀rọ pápákọ̀ lè gbọ́ òórùn ìtànṣán lára rẹ̀.

Àìsàn ni a lè wò, a kò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Bí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá wà nínú àpò yín, ẹ mú un jáde. Bí ẹ bá ń fẹ́ ẹni tí yóò bá yín lọ, ẹ sọ fún akọ̀wé ẹgbẹ́. A ó bá yín lọ.