Ọ̀rá Ìbòrí Ọ̀dà Mọ́tò: Apá Wo Ni Ó Yẹ Kí A Bò?



Ìbéèrè tí ó ń wá lemọ́lemọ́ láàrin ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ ni ti ọ̀rá tí ó mọ́ gaara, tí a ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà mọ́tò kí ó má baà họ. Àwọn tí ń lẹ̀ ẹ́ a máa wí pé kí a bò ó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Èmi kò fara mọ́ èyí fún gbogbo ènìyàn.

Ní ìlú òyìnbó, iwájú ni wọ́n sábà máa ń bò, nítorí òkúta wẹ́wẹ́ tí táyà ọkọ̀ iwájú ń ta sẹ́yìn lójú ọ̀nà eré. Èyí dára fún ẹni tí ń lọ sí Ìbàdàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń sáré ní Ìkòtún ní ìrọ̀lẹ́? Ọwọ́ ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí ń fi tipátipá wọ àárín ọkọ̀ méjì, àti ọmọlanke aláàárù ni ń ha mọ́tò wa, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n sì ń ha. Nítorí náà, etí àti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, igun bọ́ńpà tiwájú tẹ̀yìn, àti ẹ̀yìn dígí ẹ̀gbẹ́ ni èmi ìbá kọ́kọ́ bò.

Ẹ má sì kà á sí irin o! Nínípọn rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà lọ. Ojúlówó rẹ̀, tí a fi polyurethane ṣe, bí ó bá họ díẹ̀, ooru oòrùn a máa mú kí ojú rẹ̀ padà jọ̀lọ̀. Ṣùgbọ́n bí dánfó bá kọlù yín, ara mọ́tò yóò tẹ̀ bí ó ti máa ń tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí a ti tún kùn, ẹ ṣọ́ra: ọjọ́ tí a bá bó ọ̀rá náà, ó lè bó ọ̀dà mọ́ ọn.

Títọ́jú ohun ìní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìná-àpà ni a kà léèwọ̀ nínú Súrà Al-Isra, ẹsẹ 26 àti 27. Kí ẹni tí ó jẹ owó ṣọ́ọ̀bù lọ yá owó èlé, kí mọ́tò rẹ̀ lè máa dán lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, n kò rí ìdí rẹ̀.

Ó ku ẹ̀yin tí ń ta mọ́tò. Ẹ má fi ọ̀rá dídán bo ibi tí a fi pọ́tì dí, kí ẹ sì pè é ní ọ̀dà àkọ́kùn. Ànábì wa ti ọwọ́ bọ òkìtì oúnjẹ kan lọ́jà, ó bá ọ̀rinrin nísàlẹ̀, ó sì bá ẹni tí ń tà á wí. Ẹni tí ó bá ra irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láìmọ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú Sharia láti dá a padà, kí ó sì gba owó rẹ̀.