Ẹ̀yìn Ríro àti Inú Rírun: Ẹ Sọ Méjèèjì Pọ̀



Púpọ̀ nínú yín ni ó ń roko. Àwọn mìíràn ń ru ẹrù lọ sí ọjà. Bí ẹ̀yìn bá ń ro yín ní alẹ́, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ sùn, ara dẹ̀, ilẹ̀ mọ́, ẹ tún gbé ọkọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ríro kan wà tí kì í ṣe ti iṣẹ́ oko. Ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó lè bá àìsàn inú rìn pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo àmì rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ènìyàn tó pé ọmọ ọdún 45. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, ó sì ń pẹ́ ju oṣù 3 lọ. Ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn àti ìdí ni ó ti ń dùn. Ó lè jí ènìyàn lójú oorun ní òru. Ní òwúrọ̀, ẹ̀yìn á le bí igi fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìsinmi kì í wò ó. Bí ènìyàn bá dìde, tí ó rìn, tí ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, nígbà náà ni ara á dẹ̀. Ní èdè Faransé, àwọn dókítà ń pè é ní spondylarthrite.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara? Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí ń bá kòkòrò àìsàn jà. Nígbà mìíràn wọn á ṣìnà, wọn á máa bá ara tí wọ́n ń ṣọ́ jà. Ibi tí wọ́n bá ti ń jà á wú, á sì máa dùn. Bí ó bá jẹ́ oríkèé ọ̀pá ẹ̀yìn ni, ẹ̀yìn á máa ro. Bí ó bá jẹ́ ìfun ni, inú á máa run, ìgbẹ́ gbuuru kò ní dá, ẹ̀jẹ̀ lè bá ìgbẹ́ jáde, ènìyàn á sì máa rù. Ọ̀kan nínú irú àìsàn ìfun bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní maladie de Crohn.

Nínú 100 ènìyàn tí ó ní àìsàn ẹ̀yìn yìí, bí 5 sí 10 ni ó ní àìsàn ìfun náà pẹ̀lú. Ìfun àti oríkèé jìnnà síra, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ara wọn. Obìnrin kan wà ní Swídìn, dókítà ni, Nanna Svartz ni orúkọ rẹ̀. Oògùn àìsàn oríkèé ni ó ń wá. Ó rí i pé oògùn náà ń ran àwọn tí ìfun wọn ní ọgbẹ́ lọ́wọ́. Ó tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1942.

Ní ilẹ̀ wa, bí ìbàdí bá ń ro ènìyàn, tí ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́, a máa ń sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí ni. A ní ohun dídùn ni ó jẹ jù. N kò bú àwọn àgbà. Wọ́n rí i pé ẹ̀yìn àti inú lè jọ ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n orúkọ kan kò lè bo gbogbo àìsàn. Kòkòrò inú lè mú ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ wá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wọ ìfun, ó sì lè wọ eegun ẹ̀yìn. Àgbo kan ṣoṣo kò lè wo gbogbo wọn. Àyẹ̀wò ni ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé: “Ilé ìwòsàn jìnnà, owó kò sí, àìsàn tí o ń sọ yìí kò sì wọ́pọ̀ láàárín wa.” Òtítọ́ ni, kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn tí ó jọ ọ́ wọ́pọ̀, wọ́n sì lè pani. Ẹni tí ó lọ ṣe àyẹ̀wò kò rìn lásán.

Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé a máa ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, a sì ń fi ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ pamọ́ nítorí ìtìjú. Oògùn bí ibuprofen àti diclofenac ń dẹ ẹ̀yìn lára, ṣùgbọ́n wọ́n lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì lè ru àìsàn ìfun sókè. Dókítà tí ó gbọ́ ti ẹ̀yìn nìkan lè fún yín ní ohun tí yóò pa inú lára. Ẹni tí ó sì ń rà á ní ojú pópó kò rí ẹni bi í léèrè rárá.

Bí a bá sì fi àìsàn ẹ̀yìn yìí sílẹ̀, eegun ẹ̀yìn lè lẹ̀ mọ́ ara wọn. Ènìyàn á tẹ̀, kò ní lè gbójú sókè wo ẹni tí ó ń kí i. Ó tún lè kan ojú. Bí ojú bá pọ́n, tí ó ń dùn, tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọjọ́ náà kọjá kí ẹ tó lọ.

Àwọn àgbà ní, ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Bí àmì wọ̀nyí bá wà lára yín, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín:

1. Oṣù tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.
2. Ṣé ìsinmi ni ó ń dẹ̀ ẹ́, tàbí rírìn?
3. Iye ìgbà tí mo ń yàgbẹ́ lójúmọ́.
4. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀?
5. Gbogbo oògùn àti àgbo tí mo ti lò.

Ẹ kà á fún nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà ìkẹyìn. Ẹ má fo ti ìgbẹ́.