Bí Nǹkan Bá Ń Jó Àjórẹ̀yìn, Kí Ni Gẹ̀ẹ́sì Ń Pè É?

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa ní abala yìí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò. Ti òní ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ohun tí agbára rẹ̀ ń dínkù.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó mọ ẹyọ kan ṣoṣo, èyíinì ni "weak". Bí ara bàbá kò bá le, "weak" ni. Bí ọjà kò bá tà, "weak" ni. Bí aṣọ bá ṣá, "weak" náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa sì wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Gẹ̀ẹ́sì náà a máa wo ilé: ohun tí ó ń relẹ̀ ni ó ń wò kí ó tó mú ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí olórí wọn bẹ̀rẹ̀. "Weaken" ni òdìkejì "strengthen". Ẹ wo ìrù ọ̀rọ̀ méjèèjì: "-en" kan náà ni ó wà níbẹ̀, òun ni ó sì ń fi hàn pé nǹkan ń di bẹ́ẹ̀, tàbí pé a ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wúlò ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀nà tí agbára náà gbà lọ.

Òṣùpá ní tirẹ̀. Bí ó bá kún tán tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kéré, "wane" ni. Nígbà tí ó ń dàgbà, "wax" ni. Láti ìgbà tí oṣù bá lé títí òmíràn yóò fi lé jẹ́ nǹkan bí ọjọ́ 29 àti ààbọ̀, ìdajì rẹ̀ ni ti "wane". Òun ni àwọn oníwèé ìròyìn máa ń lò fún olóṣèlú tí àwọn ènìyàn ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi òkun ní "ebb": ẹni tí ó bá ti gbé Èkó rí mọ̀ pé òkun a máa kún, a sì máa fà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fífà yẹn ni. Aṣọ tí oòrùn pa tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá ni ó ní "fade". Iye nǹkan ni ó ní "dwindle": bí ẹni 80 bá wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ ní oṣù kan, tí ó di 50 ní oṣù kejì, tí ó di 20 ní ẹ̀kẹta, iye wa ti "dwindle" nìyẹn, akápò ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.

Àwọn ìyá wa tí ń ta ẹ̀fọ́ kò gbọdọ̀ da méjì pọ̀. Ẹ̀fọ́ tí oòrùn mú tí ó rọ, tí a bá bu omi wọ́n ọn tí ó tún nà, "wilt" ni ó ṣe. Èyí tí ó ti gbẹ tí omi kò lè jí i mọ́, "wither" ni. Ti owó náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ìjọba bá fi àṣẹ dín iye náírà kù, "devalue" ni. Bí ọjà bá fúnra rẹ̀ fà á wálẹ̀, "depreciate" ni. A kò gbàgbé pé dọ́là kan tí kò tó 500 náírà ní ọjà ìjọba ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá 1,500 náírà kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ilé ìwòsàn. Àwọn ọmọ tí a bí síhìn-ín ni a máa ń mú lọ ṣe ògbufọ̀ fún ìyá àgbà. Ìyá wí pé, "Ó rẹ̀ mí." Ọmọ wí pé, "She is tired." Bẹ́ẹ̀ ni dókítà kọ ọ́. Nínú èdè wa, "ó rẹ̀ mí" lè jẹ́ ti ẹni tí ó ti ọjà dé, ó lè jẹ́ ti ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀, ó sì lè jẹ́ ti ẹni tí apá rẹ̀ kan kò gbé mọ́. Gẹ̀ẹ́sì yà wọ́n sọ́tọ̀. "Tired" ni ti ẹni tí ó fẹ́ sinmi. "Weak", létí dókítà, ni pé iṣan kò lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí ó bá dé lójijì sí ẹ̀gbẹ́ kan ara, tí ẹnu wọ́, tí ọ̀rọ̀ kò já geere mọ́, ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀. Ẹ kíyèsí i pé "rọ" ti ewé tí ó rọ ni ó wà nínú orúkọ àrùn náà. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tí ẹ̀jẹ̀ dídì fà, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ àkọ́kọ́ ni àwọn dókítà sábà máa ń fẹ́ lo oògùn tí ń yọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá kọ pé ó "tired" lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀kan kù tí ó ní ojú méjì, "decline". Ara àgbà tí ń relẹ̀ lọ́dọọdún, "decline" ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i nínú ìwé pé "she declined treatment", kì í ṣe pé ara rẹ̀ relẹ̀. Ó kọ ìtọ́jú ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, kí ó rí i dájú pé ohun tí ìyá wí nìyẹn. Ẹni tí ń fi ìròyìn ìdílé ránṣẹ́ sí wa ní Gẹ̀ẹ́sì náà, kí ó fi èyí sọ́kàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n má sáré túmọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bi àgbà pé: "Ìyá, ṣé gbogbo ara ni ó rẹ̀ yín, tàbí ẹ̀gbẹ́ kan? Láti ìgbà wo? Ṣé ẹ lè gbé apá méjèèjì sókè?" Lẹ́yìn èyí ni kí wọ́n tó wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Ó di ìgbà mìíràn ná o.