Owó Tí A San Sílẹ̀, Ọjà Tí A Kò Rí Gbà

Ọ̀rọ̀ owó tí àwọn ènìyàn wa ń san sílẹ̀ lóṣooṣù nítorí tẹlifíṣọ̀n kò ṣeé dákẹ́ sí mọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ MultiChoice fi owó kún àsansílẹ̀ DStv. Ìpele Compact tí ó jẹ́ ₦15,700 di ₦19,000. Àjọ FCCPC, tí òfin yàn láti gbèjà oníbàárà, dìde sí wọn, ọ̀ràn náà sì di ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, adájọ́ da ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà pè nù, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé àjọ náà kò ní agbára láti fi iye lé ọjà.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi iye sílẹ̀, kí a bèèrè òṣùwọ̀n. Ìyá tí ń ta gàrí lè fowó kún kóńgò nígbà tí ọjà bá wọ́n. Kò sí ẹni tí yóò gbà kí ó ti ìdí kóńgò wọnú. Ẹni tí ó san owó oṣù kan, wọn a máa ka ọjọ́ fún un, iná ìbáà wà, iná ìbáà má sí. Bí òkùnkùn bá gba àdúgbò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá, ọjọ́ mẹ́wàá ti bá owó rẹ̀ lọ. Bí a tilẹ̀ fún un láyè láti dá a dúró kí ó tó rìnrìn-àjò, ta ni í mọ ọjọ́ tí iná yóò lọ?

Ẹ wo mítà àsansílẹ̀ ti mànàmáná. Gbogbo wa ni a ń ráhùn sí àwọn oníná (ẹjọ́ wọn kò sì tí ì tán lọ́wọ́ wa), síbẹ̀ yúnìtì tí a rà kì í parẹ́ nítorí pé oṣù parí. Ẹni tí ó san àsansílẹ̀ ìwé ìròyìn pàápàá ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ kà á títí di ọjọ́ kejì.

A ó wí fún wa pé kò ṣeé ṣe. StarTimes ti ta àsansílẹ̀ ọjọ́ kan àti ti ọ̀sẹ̀ kan ní orílẹ̀-èdè yìí. Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin wa kọ ọ́ sínú òfin pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gba owó oṣù gbọ́dọ̀ máa tà á lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú, kí iye ọjọ́ kan má sì ju ìpín kan nínú ọgbọ̀n lọ, kí ẹni tí kò níná lónìí lè fi owó rẹ̀ sí àpò.