Ọ̀pá Ìgbéra Kì í Ṣe Eré Ọwọ́ Dilẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé ní ìlú Jos àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ó kan àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń kó àjákù páìpù, wáyà àti rédíò tí ó ti kú jọ sí ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n ní àwọn ń ṣe ọ̀pá tí àwọn yóò fi máa wa hẹlikọ́pítà inú kọ̀ǹpútà. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, eré ọwọ́ dilẹ̀ ni. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ kó o dà sí ààtàn kí ilẹ̀ tó mọ́. Èrò tèmi yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀pá náà jẹ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń túmọ̀ èdè ni mí, mo sì wá orúkọ fún un títí kí n tó gbà láti máa pè é ní ọ̀pá ìgbéra. Ọwọ́ òsì awakọ̀ ni ó máa ń wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Bí ó bá fà á sókè, gbogbo ojú abẹ̀bẹ̀ orí hẹlikọ́pítà yóò dagun sí i lẹ́ẹ̀kan náà, wọn yóò gbá afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀, ọkọ̀ a sì gbéra. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ a máa sọ̀ kalẹ̀. Ibi tí awakọ̀ bá fi ọ̀pá sí ni ó gbọ́dọ̀ dúró sí. Kò gbọdọ̀ ta padà bí ọ̀pá eré kọ̀ǹpútà tí a ń tà lọ́jà, èyí tí sípíríǹgì máa ń fà wá sí àárín. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe é. Ohun tí ó ń gbà kò pọ̀: páìpù irin kan, ìdè tí yóò jẹ́ kí ó lè lọ sókè sódò, awọ tàbí rọ́bà tí a fún mọ́ ọn kí ó má baà yọ̀ ṣubú, àti ohun èlò kékeré tí ó wà lábẹ́ ibi tí a ti ń yí ohùn rédíò sókè. Bọ́ọ̀dù tí a yọ lára ọ̀pá eré àtijọ́ ni yóò máa ròyìn ìrìn ọ̀pá fún kọ̀ǹpútà. Ní ti pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀, ta ni kò mọ Katako?

Èrè rẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ́ńjìnnì hẹlikọ́pítà bá kú lójú ọ̀run, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré ni awakọ̀ ní láti rẹ ọ̀pá yìí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tí ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ lè máa yí abẹ̀bẹ̀ náà lọ. Ọwọ́ ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí ọkàn tó rò ó. Ẹni tí ó fi ọ̀pá tí a ń tì síwájú kọ́ ọ, àkọ́tì ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Ní ọdún 2007, Mubarak Muhammad Abdullahi, ọmọ ọdún 24 tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Bayero ní Kánò, kan hẹlikọ́pítà gidi. Ẹ́ńjìnnì Honda Civic àlòkù ni ó fi sí i, àga inú rẹ̀ wá láti ara Toyota àtijọ́, oṣù 8 ni ó sì fi ṣe é, pẹ̀lú owó tí ó ń rí nídìí títún kọ̀ǹpútà àti tẹlifóònù ṣe. Mo bu ọlá fún un. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn, síwájú ni a ń ti ọ̀pá tirẹ̀, bí a bá sì ti ń tì í ni abẹ̀bẹ̀ ń yára sí i. Ìròyìn sì sọ pé ọkọ̀ náà kò fò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà, ẹni tí yóò gun òfurufú ní láti wò ó dáadáa. Àbí a ti gbàgbé ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2012, tí hẹlikọ́pítà àwọn ọmọ ogun ojú omi já ní Bayelsa, tí Gómìnà Patrick Yakowa ti Kàdúná, Ọ̀gágun Azazi àti ènìyàn 4 mìíràn bá a lọ? Ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ni ìyẹn o, awakọ̀ tí a kọ́ ni ó sì ń wà á.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ fà sí òfurufú kọ́kọ́ kan ọ̀pá, kí ó má tíì kan ọkọ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni ọkọ̀ tirẹ̀ yóò ti máa já, yóò sì tún wà á ní ọ̀la.

Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ojú kékeré wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ewìrì àti páìpù afẹ́fẹ́ láti ilé iṣẹ́ dùùrù baba rẹ̀ ni Edwin Link, ará Amẹ́ríkà, fi kan ẹ̀rọ tí ń fara wé ọkọ̀ òfurufú ní ọdún 1929. Ibi ìṣeré ni wọ́n kọ́kọ́ ń rà á sí. Ní ọdún 1934, nígbà tí àwọn awakọ̀ ológun tí ń kó lẹ́tà kú léraléra nínú ojú ọjọ́ tí kò dára, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ra 6 nínú rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ òfurufú ti ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Zaria láti ọdún 1964. Ǹjẹ́ wọn kò lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn ọmọ gbé ọ̀pá wọn wá, kí awakọ̀ gidi dì í mú, kí ó sì sọ ibi tí ó kù sí? Ìṣòro ìjọba nìyẹn. Àwa náà ní gbọ̀ngàn ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú wa níhìn-ín, tí kì í ní iṣẹ́ kankan láàárín ọ̀sẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan, àga kan àti páìpù kan ni ó tó láti fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.