Si besoin: àìní ta ni?



Ọ̀rọ̀ Faransé méjì kan wà tí dókítà máa ń kọ sórí ìwé oògùn ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò balẹ̀: si besoin. Ìyẹn ni pé kí nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn nígbà tí àìní bá dé. Mo wá bèèrè: àìní ta ni? Ti aláìsàn ni, àbí ti nọ́ọ̀sì tó dá wà lóru pẹ̀lú yàrá tó kún?

Oògùn dára o. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí lo Largactil ní Paris ní 1952, okùn àti ilẹ̀kùn títì ló pọ̀ jù. N kò sì bá nọ́ọ̀sì kankan jà. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè jókòó ti ẹni tó ń pariwo, kó tún máa ṣọ́ ẹni tí kò sùn, kó tún gba ẹni tuntun wọlé. Bí kò bá sí àyè láti pẹ̀tù sí i nínú, abẹ́rẹ́ ló yá jù. Ṣùgbọ́n Haldol lè mú ọrùn àti ahọ́n le gbagidi. Largactil lè mú tension wálẹ̀. Aláìsàn á dìde, á ṣubú. Ta ni yóò wá máa wọn tension náà, nígbà tó jẹ́ pé àìsí èèyàn ló mú kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́?

Grégoire Ahongbonon, ọmọ Benin, ti ń tú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n láti ọdún pípẹ́, a sì ń yìn ín. Ẹni tí abẹ́rẹ́ dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì láìnídìí ńkọ́?

Wọ́n á ní kò sí owó. Mo ṣiṣẹ́ ìjọba, mo mọ orin yẹn dáadáa. Ní 2023, OMS ka orílẹ̀-èdè 55 tí àìtó òṣìṣẹ́ ìlera ń dà láàmú jù. Benin wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni IFSIO tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì wà ní Parakou níbí!

Àwọn kan ní kí mọ̀lẹ́bí máa ṣọ́ èèyàn wọn. Lóòótọ́, Dókítà Lambo ṣe é ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, ní 1954: aláìsàn ń gbé láàárín ará abúlé, ẹbí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àmọ́ nọ́ọ̀sì àti dókítà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyá arúgbó kò mọ tension wọ̀n.

Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí ẹgbẹ́ wa lọ sọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ CHUD Borgou-Alibori, ká bi wọ́n pé nọ́ọ̀sì mélòó ló wà lóru níbi ìtọ́jú ọpọlọ. Kí dókítà tó bá kọ si besoin kọ àmì tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ rí, ìwọ̀n oògùn, àti iye ìgbà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá lóòjọ́. Kí wọ́n kọ wákàtí àti ìdí abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí ẹbí lè bèèrè rẹ̀.

Ìjòyè tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé.